Ọtanétọ̀ Kékeré fún Bàálù Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wẹwẹ̀

Bàbá Ìbejì ti ọ̀dọ̀ dókítà ojú dé, kò gba ilé wọlé. Ìsọ̀ mi ló gbà wá tààrà, ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tí mọ́tò rẹ̀ kọ̀ tí kò ta. Mo ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ dúró. Nígbà tí mo rí i pé kò sí àwàdà lójú rẹ̀, mo gbé sípánà sílẹ̀.

Dókítà ti fọwọ́ síwèé pé ó ṣì lè wa bàálù, ṣùgbọ́n títí di ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàrà nìkan. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí òmíràn mọ́ láyé, nítorí ojú òsì ti ń lọ, tọ̀tún sì ti ń tẹ̀lé e. Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ mi ti ń kan bàálù yẹn pọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé wa, kò sì tíì gbé e kúrò nílẹ̀ rí. Ó wá ku ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta.

Gbogbo ara rẹ̀ ti pé, iná ló kù. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìjàpá tó gbé síwájú rẹ̀ ń ta láìsí bátìrì, ṣùgbọ́n Alábẹ̀wò, ẹni tí yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, ti sọ pé bàálù kankan kò ní gbéra ní pápá àwọn láìsí redíò, bátìrì nìkan kò sì lè bọ́ redíò yẹn pẹ́. Ó nílò ọtanétọ̀ tí yóò máa fi iná kún bátìrì lókè bó ṣe ń fi kún ti mọ́tò, ṣùgbọ́n kí ó kéré, kí ó fúyẹ́.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ni mo gbé wá."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe rewáyà, tí mo ń tún iná mọ́tò ṣe. Nínú ọdún mọ́kànlá, kò bẹ̀ mí rí pé kí n fọwọ́ kan bàálù rẹ̀, èmi náà kò sì bèèrè. Mo ní mo gbà á. (Lẹ́nu, "ẹ" ni mo ń pè é, nínú ìwé yìí "ó" ni, torí ìwé kò ní ìyá ọkọ.)

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò ògbólógbòó. Ọtanétọ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo gbé yẹ̀ wò, mo fọwọ́ yí wọn, mo gbé wọn sétí. Ara mọ́tò kékeré kan tí igi wó lé ni mo ti tú èyí tí mo mú. Kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ gbọ́ pé bàálù ni, ó sáré fowó lé e. Mo ní bí kò bá tà á fún mi ní iye ti mọ́tò, kó wá rewáyà mìíràn fún ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó tà á.

Bàbá Ìbejì gbé e lé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mi, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní àfi kí òun fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan kí ìwọ̀n lè bára dọ́gba. Mo ní ó yẹ kó ti ṣe ìyẹn tipẹ́, ọtanétọ̀ tàbí kò sí ọtanétọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Òjò láti àárọ̀. Mo tú ọtanétọ̀ palẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná. Béárìn méjèèjì ti ń kùn, mo pààrọ̀ wọn. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti jẹ tán, mo fi tuntun sí i. Ọkọ mi jókòó níwájú mi, ó ń ka ìwé tí àwọn tó ń kan bàálù nílé máa ń kà, ó ń kà á sókè ketekete. Tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì nínú ilé yìí.

Ìwé ní báyìí, ìwé ní bọ́hùn-ún. Ó ka ibì kan lẹ́ẹ̀mejì fún mi, pé a kì í yọ orí bátìrì nígbà tí ọtanétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo rewáyà tí mo mọ̀ ṣe ń dán ọtanétọ̀ wò gan-an nìyẹn: ta ẹ́ńjìnnì, yọ orí bátìrì kan, bí iná kò bá kú, ọtanétọ̀ dára. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà. Mo ní kó ṣí ojú ewé mìíràn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Wẹ́dà gbé àga irin tí ọtanétọ̀ yóò jókòó lé wá. Irin tó lò tó gbé tirélà. Ọkọ mi wọ̀n ọ́n, ó dá a padà. Wẹ́dà ní láti ìgbà tí òun ti ń jó irin, òun kò tíì rí oníbàárà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí irin dín kù. Ó ní, "Páílọ́ọ̀tì, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n fi páálí ṣe é fún yín?" Ọkọ mi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ìyẹn dá Wẹ́dà lóhùn, ó padà lọ gé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Àyè tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ iwájú kò gba ọtanétọ̀ bó ṣe máa ń wà nínú mọ́tò. A kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Bẹ́líìtì gùn jù. Èkejì kúrú jù. Òjò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

A ta á. A so ìrù bàálù mọ́ òpó, a fi igi há táyà, ọkọ mi jókòó sínú, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jìnnà sí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó tẹ iná ẹ́ńjìnnì dáadáa, mítà dìde kúrò ní méjìlá, ó gun mẹ́rìnlá fóòtì iná, ó dúró síbẹ̀. Bàbá Ìbejì ń jó. Kò lè dìde lórí ìjókòó, nítorí náà èjìká nìkan ló fi jó o.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi gbọ́ òórùn. Gbogbo rewáyà ló mọ òórùn yẹn, òórùn wáyà tó fẹ́ jó. Mo ní kó pa á. Mo fi ìka kan ọtanétọ̀, ìka bó. Ọkọ mi gbé omi tútù wá, ó ki ọwọ́ mi bọ inú rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀ pẹ́ ju bí ìka ṣe nílò lọ. N kò ní kó fi sílẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Nítorí pé a kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, òdì ló ń yí sí. Iná kò bìkítà ibi tí ọtanétọ̀ ń yí sí, ṣùgbọ́n fáànù kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀, tó ń fa atẹ́gùn tù ú lára, bìkítà. Apá fáànù náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Mo fi ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò sára irin yí i sí ọ̀tún, mo gbé bébà tín-ín-rín sún mọ́ ọn, bébà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yí i sí òsì, bébà kàn ń gbọ̀n lásán. Mo kígbe. Ọkọ mi sáré jáde nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ létí, ó rò pé mo ti tún jó.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé òun. Mo ní mo mọ̀. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo rí fáànù tí apá rẹ̀ nàró gbọnrangandan, tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo fi pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ náà lè máa tú ara rẹ̀ bó ṣe ń yí sódì, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo tún fi wáyà dè é. A ta á fún wákàtí kan gbáko. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo ka oókan dé ẹẹ́wàá, n kò sì jó.

Àwọn ìbejì pè lórí fóònù. Ọ̀kan kí bàbá rẹ̀ kú oríire. Èkejì dúró títí bàbá fi jáde, ó wá rọra ní, "Màámi, ṣé ẹ ò lè fi iṣẹ́ yẹn falẹ̀ díẹ̀ ni?" Mo ní iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọmọ yẹn jọ mí. Fún ọdún mọ́kànlá, ọkàn mi balẹ̀ nítorí pé bàálù kò parí. Ọkọ tí bàálù rẹ̀ kò níná, ilé ni yóò ti jẹ oúnjẹ alẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Redíò dé lánàá, a fi sí i. Wẹ́dà wá wòran. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege: ẹ́ńjìnnì ń dún, mítà wà ní mẹ́rìnlá, ọkọ mi wà nínú ìjókòó pẹ̀lú gbohùngbohùn létí, ó ń gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní pápá bàálù. Wẹ́dà wá bi mí pé báwo la ṣe mọ̀ pé ọtanétọ̀ ló ń bọ́ redíò, pé ṣé kì í ṣe bátìrì. N kò rò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó, mo yọ orí bátìrì.

Iná ojú pátákó funfun báláú. Redíò ta pàrà, èéfín jáde lójú rẹ̀. Ọkọ mi fa gbohùngbohùn já kúrò létí. Mo fi orí bátìrì padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wẹ́dà gbé fìlà rẹ̀, ó bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ láìdágbére.

Ó yẹ kí n kọ èyí tó kù síbí, nítorí n kò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo rí èéfín yẹn, kí ẹ̀rù tó bà mí, kí ojú tó tì mí, ara kọ́kọ́ tù mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọkọ mi ní kò burú. Kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbé tíì lọ bá a nínú ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọ̀sán. Inú bàálù ló jókòó sí, ọwọ́ lórí itan. Mo gbé ife fún un, ó gbà á, kò mu ún. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí. Ìbá sàn kó pariwo.

Mo ní rárá. Mo ní ọwọ́ mi ló ṣe é, ọwọ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

"Bàbá Ìbejì, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó jóná, ara tù mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gòkè. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀ wá bá mi mọ́."

Ó ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́ láti ọdún mọ́kànlá.

"Torí pé inú yín ń dùn."

Ó gbé ife tíì sílẹ̀ lórí apá bàálù, ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, èyí tí ìka rẹ̀ bó. Ó ní, "Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Lọ́la ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá ẹ̀."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò tíì purọ́ ìfẹ́ fún mi rí. Mo ní kó fún mi di ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kí ó tó jí ni mo ti tú redíò kúrò, mo fi ìró mi àtijọ́ wé e, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Oníredíò. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, "Màmá Rewáyà, báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Ó ní bátìrì ni ó máa ń gba iná mọ́ra, bí mo bá yọ ọ́ lójijì, iná tí ọtanétọ̀ ń tú jáde kò níbi tí yóò lọ, ohun tó bá bá lójú ọ̀nà ni yóò kọlù. Àwọn mọ́tò ayé àtijọ́ kò ní ohun tí ìyẹn lè ṣe. Tòde òní ní.

Mo jókòó sórí àpótí. Mo rántí àwọn oníbàárà tó ti padà wá bá mi, ọ̀kan lọ́dún kan, ọ̀kan lọ́dún tó tẹ̀lé e, pé redíò mọ́tò àwọn kò sọ̀rọ̀ mọ́, tí mo sì ń sọ fún wọn pé redíò ayé ìsinsìnyí kò ní láárí. Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ òun. Mo ní màá máa wá jókòó síbí lójoojúmọ́, màá máa bá a tú tàwọn ẹlòmíràn títí tèmi yóò fi kàn. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Mo délé, mo bá Bàbá Ìbejì nínú ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá òsì. Mo ní, "Ẹ má tú nǹkan kan."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń jókòó sọ́dọ̀ Oníredíò. Mo ti tún fáànù méjì ṣe, àti áyọ́ọ̀nù kan. Ó ti wá rí i pé n kò ní lọ. Ó ṣí redíò wa lónìí: èròjà kékeré tó ń dáàbò bo ẹnu ọ̀nà iná rẹ̀ ló jóná pátápátá, ó jọ pé ó kú kí àwọn yòókù lè yè. Oníredíò kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ránṣẹ́ síta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Kò tíì dé. Bẹ́líìtì ti wọ́n sí i, mo ra méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Redíò sọ̀rọ̀! Ohùn àkọ́kọ́ tó mú wọlé ni ti awakọ̀ òfurufú kan tó ń bèèrè bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́. Oníredíò kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi; ó ní èmi ti fi iṣẹ́ san án. Ó tún ṣe ẹ̀ṣọ́ kékeré kan fún wa, tí yóò já ọtanétọ̀ kúrò bí iná bá ti pọ̀ jù. Èmi náà lẹ pákó mọ́ ara bátìrì, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ YỌ ORÍ BÁTÌRÌ YÌÍ TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ BÁ Ń DÚN, TÍTÍ KAN ÌYÁ ÌBEJÌ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Alábẹ̀wò dé. A ti fi tirélà gbé bàálù lọ sí pápá láti àná. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo kọ̀rọ̀, ó fa gbogbo wáyà wò, ó ka pákó mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọkọ mi ta á. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú ó fọwọ́ kan ọtanétọ̀, ó bèèrè ẹni tó ṣe iná yìí. Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi ni." N kò tíì gbọ́ kó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pè mí ní ìyàwó láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Alábẹ̀wò nawọ́ ìwé sí mi. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ síbẹ̀ ń sọ pé ó dá òun lójú kí ènìyàn jókòó sínú rẹ̀ lókè. Ọkọ mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má bàa dà bí ẹni pé ó ń wò mí. Mo ronú díẹ̀. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò, pẹ̀lú atẹ́gùn. Ọkọ mi kàn ń lọ sójú fèrèsé, ó ń padà. Bí mo bá lè fi abẹ̀bẹ̀ lé òjò lọ, màá ṣe é. Ta ni yóò gbà gbọ́ pé èmi ni mo kọ ìyẹn?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò dá nírọ̀lẹ́. Ọkọ mi nu bàálù lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ọ̀la ni ìwé dókítà yóò kú, ọ̀la sì ni Àìkú tí pápá kì í ṣí. Òní nìkan ló kù.

Ọkọ mi fẹ́ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì sọ̀kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ pápá fún mi ní redíò àfọwọ́dìmú kí n lè máa gbọ́ ọ. Mo de bẹ́líìtì mọ́ àyà rẹ̀ fúnra mi, mo fà á títí ó fi ní òun kò lè mí mọ́. Mo ní, "Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

Ó sáré lórí ilẹ̀, ó ń fò bí ewúrẹ́, lẹ́yìn náà kò fò mọ́, kò sì kanlẹ̀ mọ́. Ọkọ mi gòkè. N kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú redíò, ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pápá pé iná dúró ní mẹ́rìnlá, kò mì. Èmi ló ń sọ fún. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì. Dípò kó lọ fún ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i tó ń bọ̀ nílẹ̀.

Mo sáré. Bí abẹ̀bẹ̀ ṣe dúró báyìí ni mo ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá iná ló wálẹ̀, bóyá ó gbọ́ òórùn. Ó yọ gbohùngbohùn, ojú rẹ̀ ń dán.

"Iná ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ̀kalẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ní ẹ fẹ́ lọ."

"Mo rí ẹ. Látòkè lọ́hùn-ún, mo rí ẹ. O káwọ́ lérí. Mo yí po lẹ́ẹ̀kan, o ò gbé e sílẹ̀. Mo yí po lẹ́ẹ̀kejì, o ò gbé e sílẹ̀. Mo ní kí n tètè wá bá ẹ gbé e kalẹ̀."

N kò mọ̀ pé mo káwọ́ lérí. Dókítà ní ojú yẹn ti ń lọ, ó sì rí mi láti ibi tí èmi kò ti lè rí ju bàálù tín-ín-tín lọ. Mo sunkún díẹ̀, mo fi apá aṣọ nu ojú mi, mo tún bẹ́líìtì rẹ̀ fà.

Mo ní, "Ẹ padà lọ. Ó ku ẹyọ kan."

Ó ta á. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo dì wọ́n mú, mo sì lọ dúró síbi tí yóò ti rí mi dáadáa.